Bí Bọ́ọ̀lù Ìbẹ́pẹ Ṣe Dá Mi Dúró ní Lálúpọn

Bí ẹ bá dé Lálúpọn lónìí, tí ẹ béèrè ọkùnrin tó ṣán pápá rọ́gbì tó sì ri òpó sí i, ọmọdé tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi. N kò fọ́nnu o. Òótọ́ ni mò ń sọ, òótọ́ tèmi ló kàn ga.

Kétu ni mo ti wá, Kétu tó wà lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń fi Faransé kàwé. Èmi náà fi í kàwé díẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé èmi àti ẹ̀ kò lè gbé pọ̀, mo gbé ọkọ́ mi. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, kíláàsì àwọn àgbà ní mọ́sáláṣí Lálúpọn ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí ewú ti wọ irùngbọ̀n mi. Ipò kìíní ni mo sì gbà. Àwa mẹ́ta la wà nínú kíláàsì náà, ṣùgbọ́n ipò kìíní, ipò kìíní ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà tí mo dé. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbí kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe èrò. Ìbéèrè kan ni. Mo dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, èéfín bo gbogbo ojú, mo kí ìyá àgbà kan, mo ní mò ń wá iṣẹ́ oko. Ó gbọ́ ohùn mi, ó dáwọ́ gàrí dúró.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo dárúkọ bàbá mi.

"Ta nìyẹn?"

Mo dárúkọ agbo ilé wa.

"Níbo nìyẹn?"

Ní Kétu, bí mo bá dárúkọ agbo ilé wa, àwọn àgbà á tún ara wọn ṣe lórí ìjókòó. Níbí, orúkọ náà jábọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìyá àgbà padà sídìí gàrí rẹ̀. Ó ní, "Kòtónù ni ẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ." Bí mo ṣe di Kòtónù nìyẹn, èmi tí n kò sùn ní Kòtónù rí.

Iṣẹ́ kò wọ́n fún mi ṣá. Bí mo bá wọ oko láàárọ̀, tí olóko bá dé lọ́sàn-án, yóò máa wá àwọn yòókù tó bá mi kọ ebè, torí kò ní í gbà pé ènìyàn kan ló ṣe é. Mo ṣiṣẹ́ dé Ìjàyè, mo ṣiṣẹ́ dé Akínyẹlé. Gbogbo wọn mọ ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀.

Iléyá àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbí, wọ́n gbé ẹran wá fún mi láti ojúlé sí ojúlé. Ẹ ò rí i, wọn kì í ṣe ahun. Mo kó ẹran náà jọ síwájú ara mi nínú yàrá, mo wò ó. Ní ilé wa, bí wọ́n bá fún ọ ní ẹran, ìwọ náà á bu tìrẹ lọ sí ilé ẹlòmíràn. Èmi kò mọ ilé ẹnì kankan tí mo lè bu ẹran lọ. Mo jẹ ẹran títí ó fi sú mi, omi sì bọ́ lójú mi. Bí ẹnì kan bá bi mí, mo máa ní ata ni.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ Ràfátù, ọmọ Lálúpọn gan-an. Ebè mi ni bàbá rẹ̀ rí tó fi gbà. A bí ọmọ obìnrin méjì, wọ́n ti wà nílé ọkọ báyìí. Síbẹ̀, bí ìpàdé bá wà, wọ́n á ní, "Ẹ pe ọkọ Ràfátù wá, Kòtónù yẹn." Ìlú kì í gba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbà, torí ó nílò ọwọ́. Ahọ́n rẹ ni ó ń gbà kẹ́yìn. Tèmi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn.

*

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú ni ẹ̀gbọ́n mi Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí pè mí wálé. Orúnkún ti ń dùn ún, kò sì rí ẹni fi oko Bàbá lé lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ládùúgbò wa. Orí òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn ilé-ìwé girama ni mo máa ń gùn kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Wálé," ó wí. "Kí lo fẹ́ kú sí níbẹ̀? Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Mo ní kí ni wọ́n ń pè ọ́, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Kòtónù."

"Ehn! Wálé."

Ẹ̀gbọ́n ni. Ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò, yóò pàṣẹ ni. Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́dọ̀ lọ. Ó sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo wo ìsàlẹ̀ láti orí ọ̀gán, tí mo rí pápá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, ni ẹnu mi bá ṣáájú orí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò ráyè. A ní ẹgbẹ́ rọ́gbì tuntun. Èmi ni mo ṣe pápá wọn. Wọ́n fẹ́ du ife kan láàárín ilé-ìwé mẹ́rin, a sì máa gbà á."

"Kí ni wọ́n ń pè ní rọ́gbì?"

"Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá."

Ó pòṣé. "Ó dáa. Bí ẹ bá gba ife yẹn, n kò tún ní í pè ọ́ wálé mọ́ láyé mi. Bí ẹ kò bá gbà á, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, kí o wà nínú oko Bàbá."

Mo ní mo gbà. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí, wọn kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan rí.

*

Mísì Bánkólé ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọmọ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, òun ni olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ìwé girama náà. Ara rẹ̀ rí bí igi ewúro, tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè dá màlúù dúró. Ilé-ìwé gbà mí láti bá a ṣán ilẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì. Ó ní òun fẹ́ òpó gíga méjì ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí igi kan sì dábùú wọn. Wọn kò ní irin. Mo wọ etí odò, mo gé ọparun tó nípọn jù, mo ri í mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjì dé tó ṣí òrùlé ọ́fíìsì, tí òpó mi kò mira.

Ọjọ́ tó mú bọ́ọ̀lù dé, mo yí i lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Mísì, kí lèyí?"

"Bọ́ọ̀lù ni, Bàbá."

"Ta ló jókòó lé e?"

Gbogbo àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó rí gẹ́lẹ́ bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo Lálúpọn ti ń pè é ní bọ́ọ̀lù ìbẹ́pẹ, kò sì sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ méje ló ń wọ pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sáré, wọ́n á lọ fi kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá. Àwọn wọ̀nyí náà á gbá ọ lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n á là ọ́ mọ́lẹ̀. Òfin kan wà tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú: o kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù síwájú, ẹ̀yìn nìkan ni kí o jù ú sí. Mísì sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Gàníyù tí í ṣe ọ̀gá wọn, ọmọ olóko gbágùúdá, apá rẹ̀ bí orí ọkọ́, bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, iwájú ló ń jù ú sí. Mísì jókòó sílẹ̀ sórí koríko, ó di orí mú.

Mo ń gé ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́wọ́. Mo gbé àdá sílẹ̀.

"Gàníyù, bí ẹ bá ń ṣe àáró lóko bàbá ẹ, tí gbogbo yín tò, tí oníkálukú mú poro tirẹ̀, tí ìwọ wá ṣáájú, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wẹ̀yìn, Bàbá."

"O ń wẹ̀yìn wá kí ni?"

"Ẹni tó kù lẹ́yìn. Kí n lè padà lọ bá a kọ tiẹ̀."

"Ẹni tó kù lẹ́yìn yẹn gan-an ni kí o ju bọ́ọ̀lù sí."

Wọ́n wo ara wọn. Mo mú okùn, mo fa ìlà poro méje sórí pápá. Oníkálukú dúró sí tirẹ̀, wọ́n ń sá, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láti poro dé poro bí ìgbà tí wọ́n ń na akèrègbè omi sí ara wọn lóko. Mísì dìde, ó pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ti gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín, Mísì. Mo kàn bá yín ṣe àáró ni."

Ẹ má rò pé mo rẹ ara mi sílẹ̀ o. Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún Ràfátù títí ó fi sùn lọ mọ́ mi lẹ́nu.

*

Ìdíje àkọ́kọ́, ilé-ìwé kan láti Ìjàyè ló wá bá wa nílé. Gbogbo ìlú ló tú jáde. Àwọn ìyá fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, àwọn ọlọ́kadà gbé ọ̀kadà wọn yí pápá ká. Mo wọ agbádá mi, mo dúró lẹ́bàá òpó mi.

Ṣé ẹ mọ ohun tó pa wá? Ìwà rere ni.

Bí ọmọ wa kan bá ti mú ọmọ Ìjàyè, tó là á mọ́lẹ̀ gbì, gbogbo pápá á hó yèè: "Háà! Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ gbé e dìde!" Ọmọ wa náà, kó máa du bọ́ọ̀lù, á bẹ̀rẹ̀, á na ọwọ́ sí i: "Jọ̀ọ́, má bínú. Ṣé kò dùn ẹ́?" Ibi tó ti ń gbọn eruku ara ọmọ ọlọ́mọ, àwọn Ìjàyè ti gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ojú fi tì mí, mo sì lọ dúró sí ẹ̀yìn ọparun. Èmi náà kígbe pẹ̀lẹ́ o. Ènìyàn ṣubú lójú mi, kí n wá dákẹ́ bí ẹran?

Mísì kó wọn jọ. "Kí ló ṣe yín? Ẹ gba bọ́ọ̀lù ná!"

Gàníyù dorí kodò. "Mísì, ìyá mi ń wò mí. Bí mo bá bi ọmọ ọlọ́mọ ṣubú tí mi ò kí i, mi ò ní í jẹun nílé."

"Òótọ́ ló sọ," ìyá rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Mísì wo ìyá, ó wo ọmọ, ó rẹ́rìn-ín nígbà tí kò fẹ́. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo pẹ̀lẹ́ pa mọ́. Bí eré bá parí, kí wọ́n tò, kí wọ́n bọ ọ̀tá lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kí wọn ní pẹ̀lẹ́ gbogbo ìṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Gàníyù rò ó. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ gbà á?"

"Ìdíje àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ṣì ku."

"Ẹ gbà á ni mo bi ọ́."

"A kò gbà á."

"Ṣé kí n ti máa gbá yàrá rẹ?"

Mo pa fóònù. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀gán, mo rìn yí pápá ká. N kò purọ́ fún yín, Kétu dára. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó rọ̀, bàbá mi sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ronú pé mo ń padà, ọkàn mi kì í ronú nípa ohun tí mo máa bá níbẹ̀. Ohun tí mo máa fi sílẹ̀ níbí ni ó ń kà: ohùn Ràfátù, òpó ọparun mẹ́rin, ọmọ méje tí kò tíì mọ bí a ti ń ṣubú. Ilé méjì ni mo ní, èyí tó mọ orúkọ mi kò nílò mi tó bẹ́ẹ̀, èyí tó nílò mi kò mọ orúkọ mi.

*

A lọ sí Akínyẹlé, a nà wọ́n. A lọ sí Ẹgbẹ́dá, a nà wọ́n. N kò sọ pé èmi ni mo nà wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó síwájú nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ti kọ́ bí a ti ń gba bọ́ọ̀lù kí a tó kí ènìyàn. Àwọn tó ń wòran lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni kò kọ́ ohunkóhun. Mísì bẹ àwọn ìyá títí. Ràfátù dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, Mísì. Bí èèyàn bá ṣubú, ẹnu mi kì í dúró gbọ́ àṣẹ."

Ìdíje àṣekágbá bọ́ sí ọwọ́ àwa àti Ìjàyè kan náà, àwa méjì tó ṣáájú nínú ilé-ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí pápá wa. Mo sọ fún Ràfátù láàárọ̀ ọjọ́ náà ohun tó wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń po ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró.

"Ṣé ẹ fi mí ta tẹ́tẹ́ ni?"

"Mo fi ara mi ta á."

"Ara yín wo? Ara yín yàtọ̀ sí tèmi?" Ó gbé ẹ̀kọ kúrò lórí iná. "Bí ẹ bá lọ Kétu, ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ gba ife yín."

Àwọn Ìjàyè ní ọmọ kan, Tírélà ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ń bọ̀, ilẹ̀ á mọ̀. Ó gbé méjì nínú àwọn ọmọ wa kọ́ ara bí ẹrù lọ fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀. Mátíù, ọmọ pásítọ̀, ẹni tó kéré jù nínú wọn tó sì yára jù, gba tiwa padà. Wọ́n jẹ, a jẹ. Ojú àmì dọ́gba, adájọ́ ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo di òpó mi mú. Mo ti ń rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbá yàrá.

Tírélà tún gbá bọ́ọ̀lù mú, ó kọjú sí ìlà wa, kò sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àyàfi Gàníyù. Gàníyù bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ ebè, ó dì mọ́ ọn ní orúnkún. Tírélà ṣubú. Ẹ ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí. Eruku sọ.

Gbogbo Lálúpọn ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tọkùnrin tobìnrin, Ràfátù ló sì ṣáájú wọn: "Yéè! Pẹ̀lẹ́ oo! Ẹ kú ewu oo!"

Tírélà gbé orí sókè nílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni òun náà. Ó wo àwọn ìyá, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde.

Gàníyù kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó wẹ̀yìn, ó jù ú. Ẹni tó gbà á wẹ̀yìn, ó jù ú. Poro kan, poro kejì, poro kẹta, títí ó fi dé ọwọ́ Mátíù ní ẹ̀gbẹ́ pápá pátápátá, Mátíù sì fò bí òkété tí ajá lé. N kò mọ̀ pé èmi náà ń sá, pẹ̀lú agbádá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta ìlà. Ó fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ láàárín òpó mi. Fèrè dún.

Olùkọ́ Ìjàyè sáré wọ pápá. "Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ tan ọmọ mi!"

Adájọ́, àgbàlagbà kan tó ti gbó nídìí eré yìí, wò ó tìyanu-tìyanu. "Tíṣà, ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kí ọmọ yín?"

Olùkọ́ náà ya ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wa tò, wọ́n ń bọ àwọn Ìjàyè lọ́wọ́: "Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́." Gàníyù gbá Tírélà mọ́ra, ó sì kí i ju gbogbo wọn lọ.

Wọ́n gbé ife náà yí ìlú ká. Àwọn ọmọ gbé mi sórí èjìká, mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, n kò sọ ọ́ sókè púpọ̀. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Obìnrin kan tó wá ra gàrí láti Ìbàdàn ń béèrè pé ta lọkùnrin tí wọ́n gbé yẹn. Mo na etí. Ẹni tó ń wọn gàrí fún un kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá àwọn ọmọ náà ni," ó ní. "Ẹ na àpò yín."

*

Mo gun orí ọ̀gán kí oòrùn tó wọ̀. Ìsàlẹ̀ ń hó gèè.

"Ẹ̀gbọ́n, a gbà á!"

Mo gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní Kétu.

"Ariwo wo nìyẹn?"

"Ìlú ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í yẹ àdéhùn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí yìn ín. "Ó dáa. N kò pè ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n oko Bàbá ń bẹ níbẹ̀, orúnkún mi sì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó lágbára tó báyẹn, fi méjì ránṣẹ́ sí mi nínú wọn, kí wọ́n wá bá mi kọ ebè ọdún yìí."

"Kò ṣeé ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Ìdánrawò ń bẹ lọ́jọ́ Ajé. Bí ọlidé bá dé, èmi fúnra mi á kó wọn wá, a máa fi oko yín ṣe àáró ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ká fi wọ́n sílẹ̀ fún yín? Àwa ní Lálúpọn, a kì í ta ọmọ wa lọ́rẹ."

"Àwa," ó wí.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde.

"Àwa," ó tún wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá wa gẹ́lẹ́. "Ẹ kú oríire o, ará Lálúpọn."